Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹfà: Ààwẹ̀ àti Ẹni tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Jẹ́ SS

Ìwáàsù Jímọ̀ tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Shaʻbān

ÌWÁÀSÙ KÌN-ÍN-NÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ènìyàn láti inú omi tí kò níláárí, tí ó to eegun rẹ̀, tí ó fi ẹran bò ó, tí ó sì mú ẹ̀jẹ̀ máa sàn nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé a mọ̀. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àfi Òun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànọ́bì Muhammad. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀ pátá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ẹ̀yin àti ara mi ní ìmọ̀ràn ìpayà Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ òní, ọ̀dọ̀ ara mi ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé èmi gan-an ni mo ṣe àṣìṣe inú rẹ̀.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nínú oṣù Ramadan, bàbá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 16. Bàbá rẹ̀ ní kò fẹ́ gba ààwẹ̀. Gbogbo ìgbà ni ó ń wí pé ara ń ro òun. Mo wo ọmọ náà. Ó dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, n kò rí àpẹẹrẹ àìsàn kankan lára rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Ó ní, "Àáfà, jẹ̀nótáìpù mi, SS ni." Mo ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn etí lásán ni ó ń gbà kọjá. Mo sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ni ó ń ṣàárẹ̀, pé kí ó mú ìgbàgbọ́ rẹ̀ le, Ọlọ́hun yóò fún ara rẹ̀ lágbára. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́ sà." Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà, ó gba ti ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, igbe rẹ̀ ni ó pe àwọn aládùúgbò wọlé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọjọ́ 11 ni ó sì lò níbẹ̀.

Mo lọ kí i. Dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ obìnrin, mùsùlùmí bíi tiwa. Kò bá mi wí. Ó fà mí jókòó sórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa ìwé kan yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Bí ó ti ń ṣàlàyé fún mi, hàdíìsì kan ni ó ń rọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Abu Dawud gbà á wá. Àwọn sàhábé kan ń bẹ lórí ìrìn àjò, òkúta ba ọ̀kan nínú wọn, ó sì fọ́ ọ lórí. Lẹ́yìn náà ni ìwẹ̀ jànnábà di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń rìn bóyá òun lè ṣe tayamọ́mù. Wọ́n ní àwọn kò rí àyè fún un níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó bínú sí wọn gidigidi. Ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n bèèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò kórìíra arákùnrin wọn o. Ẹ̀sìn ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Èmi náà, ẹ̀sìn ni mo rò pé mò ń ṣe lẹ́yìn Àsùbáà ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí dókítà náà ṣàlàyé fún mi, àti èyí tí mo ti kà kún un láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ gbé síwájú yín kí Ramadan tó wọlé.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo oríkèé ara wa. Sẹ́ẹ̀lì kan kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, síbẹ̀ nínú ẹyọ kan ṣoṣo, hẹmoglóbìnì tí ó kún inú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 270. Hẹmoglóbìnì yìí ni ó ń di ọ́síjìn mú, òun náà ni ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀. Purotéènì ni. Nígbà tí wọ́n bá ní purotéènì, ọkàn wa a máa lọ sí ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin, nítorí pé wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé pé èròjà amúaradàgbà ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn purotéènì ni òṣìṣẹ́: wọ́n ń gbé ẹrù, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń tì í, wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún ara wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń hùwà dáadáa tàbí tí ó ń hùwà òdì, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni ó ti wá, àti bí wọ́n ṣe ń fara kan ara wọn.

Báwo ni Ọlọ́hun ṣe mọ wọ́n? Ẹ wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ yín. Okùn kan ni, a sín ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni purotéènì. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni ó wà, amínò ásíìdì ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn omi; àwọn mìíràn ń sá fún un bí epo pupa ti ń sá fún omi nínú abọ́. Bí Ọlọ́hun bá ti sín okùn náà tán, kì í nà gbalaja bíi tẹ̀sùbáà tí a so kọ́ sára ògiri. Ó ń ká, ó ń wé mọ́ ara rẹ̀. Èyí tí ó fẹ́ràn omi ń wá ìta, èyí tí ó ń sá fún omi ń wọ inú lọ, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ohun kan tí ó ní ojú, ihò àti kọ̀rọ̀. Ìrísí yẹn ni ó ń sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, àti ẹni tí yóò lè fara mọ́.

Okùn mẹ́rin ni Ọlọ́hun fi mọ hẹmoglóbìnì. Méjì ní ìlẹ̀kẹ̀ 141, méjì ní 146. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 574. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Max Perutz ní ìlú Cambridge lo ohun tí ó lé ní 20 ọdún kí ó tó rí ìrísí ohun kan yìí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1962. Ogún ọdún ó lé lórí ohun tí a kò lè fojú rí! Èmi, láàrin ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn Àsùbáà, mo ti dájọ́ lórí ọmọ tí ó gbé mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù rẹ̀ kiri nínú ara.

Ní ọdún 1910, ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà James Herrick kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada: àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé tí wọ́n fi ń gé koríko. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti fún àìsàn yìí ní orúkọ. Àwọn baba wa ti ní orúkọ tiwọn fún un tipẹ́: fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ẹni tí ó ń jẹ̀rora bí ẹni pé kò ní í mọ́jú lánàá lè máa rìn káàkiri lónìí. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hẹmoglóbìnì àwọn tí ó ní àìsàn yìí yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Ní 1956, Vernon Ingram, ní Cambridge náà, wá ìyàtọ̀ náà kàn. Nínú okùn onílẹ̀kẹ̀ 146, ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni ó yí padà: ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà. Níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ glútámíìkì, tí ó fẹ́ràn omi, ti yẹ kí ó wà, ìlẹ̀kẹ̀ fálíìnì, tí ó ń sá fún omi, ni ó wà níbẹ̀. Àwọn 145 yòókù kò ní àléébù.

Kí ni ìlẹ̀kẹ̀ kan lè ṣe? Òun gan-an ni mo bi dókítà náà. Ó ní fálíìnì yìí jókòó sí ìta hẹmoglóbìnì bí ẹ̀kán epo kan. Níwọ̀n ìgbà tí hẹmoglóbìnì bá di ọ́síjìn mú, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́síjìn kalẹ̀, ìrísí rẹ̀ a yí díẹ̀. Ti ẹni gbogbo ń yí bẹ́ẹ̀. Bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn, kò sí aburú nínú rẹ̀. Nínú yíyí náà, ihò kékeré kan a yọ ní ẹ̀gbẹ́ hẹmoglóbìnì, ihò náà sì bá ẹ̀kán epo yẹn mu bí ẹnu kọ́kọ́rọ́ ti ń bá àgádágodo mu. Ni ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ti ọ̀kan bá wọ inú ihò èkejì. Èkejì wọ inú ti ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa so mọ́ ara wọn lọ títí wọn yóò fi di okùn gígùn, fọ́nrán 14 tí a lọ́ pọ̀ mọ́ra, tí ó le gan-gan. Okùn yìí ni ó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì láti inú, tí sẹ́ẹ̀lì tí ó rọ̀, tí ó rí roboto, fi ń di dòjé.

Sẹ́ẹ̀lì tí ó rọ̀ a máa fún ara rẹ̀ kọjá nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó tín-ín-rín jù ú lọ. Dòjé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò há sọ́nà, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò há mọ́ ọn, ẹran àti eegun tí ń bẹ níwájú yóò sì máa pàfọ́ fún ọ́síjìn. Igbe tí àwọn aládùúgbò gbọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni ó ti wá. Sẹ́ẹ̀lì pupa tiwa a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé. Tiwọn kì í sábà kọjá ọjọ́ 10 sí 20 kí ó tó bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi kéré, tí ojú wọn fi ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn, tí àárẹ̀ fi ń mú wọn lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò ní í kà sí. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé kéú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ìyẹn ní ọ̀lẹ mọ́.

Ó ku ibi tí ó kan ààwẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí, nítorí pé ibi yìí ni ojú ti tì mí jù lọ.

Okùn yẹn kì í dì lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí hẹmoglóbìnì bá ti sọ ọ́síjìn kalẹ̀, àlàfo kan wà, ìgbà díẹ̀, kí okùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Sẹ́ẹ̀lì náà sì ń sáré padà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró lọ gba ọ́síjìn mìíràn, ìrìn àjò tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Bí àlàfo bá gùn ju ìrìn náà lọ, sẹ́ẹ̀lì yóò dé ilé láìfarapa. Àánú Ọlọ́hun ni àlàfo yìí. Òun ni ó jẹ́ kí ọmọ náà lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ó sì kí mi bí ọmọ tí kò ní àìsàn.

Kí ni ó ń gé àlàfo náà kúrú? Ohun tí ó lágbára jù nínú rẹ̀ ni bí omi inú sẹ́ẹ̀lì ṣe tó. Bí omi bá dín kù, hẹmoglóbìnì yóò fún mọ́ra wọn, yóò sì rọrùn fún wọn láti so pọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, William Eaton àti James Hofrichter, wọn èyí láti àwọn ọdún 1970, ohun tí wọ́n rí sì ya ènìyàn lẹ́nu: bí ìfúnmọ́ra náà bá fi ìdá kan péré nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i, àlàfo náà lè dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó jẹ́, tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀. Òǹgbẹ díẹ̀ lára wa, ìfarada lásán ni. Lára tiwọn, òǹgbẹ díẹ̀ yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin sẹ́ẹ̀lì tí ó dé ẹ̀dọ̀fóró àti èyí tí ó di dòjé sójú ọ̀nà.

Ó tún kù kan. Bí àwa bá ń gba ààwẹ̀, kíndìnrín wa a máa há omi mọ́wọ́. Ìtọ̀ wa a kéré, a sì pọ́n. Àìsàn yìí a máa ba kíndìnrín jẹ́ láti kékeré, kì í jẹ́ kí ó lè há omi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ SS yóò jẹ sààrì, yóò mu omi yó, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà yóò ti tọ̀ ọ́ dànù, nígbà tí wákàtí mọ́kànlá ṣì wà níwájú rẹ̀ nínú ooru. Àwa tí a dúró lórí ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ rò pé ẹrù kan náà ni a jọ rù.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, Ọlọ́hun kò gbàgbé rẹ̀. Nínú Súúrà Al-Baqarah, àáyà 184 àti 185, níbi tí Ó ti pa ààwẹ̀ láṣẹ gan-an ni Ó ti yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò sọ́tọ̀ pé kí wọ́n san án padà ní ọjọ́ mìíràn, Ó sì fi kún un pé ìrọ̀rùn ni Òun ń fẹ́ fún wa. Ní ọ̀nà Imam Malik tí a ń tọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá bẹ̀rù pé ààwẹ̀ yóò pa òun, tàbí pé yóò kó ìnira tí ó le bá òun, dandan ni fún un kí ó ṣínu. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: dandan. Bí ó bá gba á pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn, kì í ṣe ìgboyà. Ẹni tí dókítà rẹ̀ bá sọ pé ó lè san án padà lọ́jọ́ tí ooru kò mú, kí ó san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san án láéláé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀; kí ó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí ó bá ní agbára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé dandan ni bíbọ́ yìí, àwọn Màlíkì sọ pé ohun tí ó dára ni. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn le díẹ̀, tí dókítà wọn yóò sì gbà wọ́n láyè láti gba ọjọ́ mélòó kan. Ìyẹn wà láàrin wọn àti ẹni tí ó mọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò kan ìyá ọkọ, kò kan aládùúgbò, kò sì kan Lémọ́ọ̀mù.

Ẹni tí ó jẹ́ AS ń kọ́? Ìdajì hẹmoglóbìnì rẹ̀ ó lé díẹ̀ ni ó jẹ́ A, òun ni kò sì jẹ́ kí okùn náà rójú dì. Kí ó gba ààwẹ̀ rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn, kí ó má fi ọ̀rọ̀ òní ṣe àwáwí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀.

ÌWÁÀSÙ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá ẹni tí Ó rán sí wa ní àánú fún gbogbo ẹ̀dá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó dùn mí tí n óò sọ fún ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ wa lókè. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ tí ó wá tí kò dúró. Ẹ mọ abẹ tí wọ́n ń fi sí i lára, àti orúkọ tí wọ́n ń sọ èyí tí ó bá tẹ̀lé e: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn mìíràn pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, àìsàn ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ni. Ẹ wo bí ó ti tan àwọn àgbà jẹ. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, Ọlọ́hun fún un ní hẹmoglóbìnì mìíràn, okùn tirẹ̀ kò ní ìlẹ̀kẹ̀ fálíìnì yẹn rárá, kò sì ń so mọ́ra. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ọmọ fi ń wá sáyé. A sọ ọ́ lórúkọ, ó ń sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ń yọ̀. Láàrin oṣù mélòó kan, hẹmoglóbìnì inú oyún yẹn ń lọ, ti àgbàlagbà ń gba ipò rẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ké. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ ṣe wá dà báyìí? Ni wọ́n bá ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, tàbí kí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó kú pẹ̀lú orúkọ àjẹ́ nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Òun àti ọkọ rẹ̀, mo tún un sọ. S kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, S kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS. Kí ló dé tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn láti inú iṣẹ́ tí ó ṣe ní ìlà-oòrùn Áfíríkà pé ọmọ tí ó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà tí ń pa ọmọdé. Ohun tí ó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa nínú ẹ̀fọn ni, kì í ṣe ègún. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé ààbò yẹn kan ẹni tí ó jẹ́ SS. Ibà léwu fún òun ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ fi í sínú àpò ẹ̀fọn, ẹ fún un ní oògùn tí wọ́n bá kọ fún un.

Oògùn kan tún wà, háídrọ́síyúríà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń jí hẹmoglóbìnì inú oyún yẹn dìde padà, kí ó lè dà pọ̀ mọ́ ti SS, kí ó sì dí okùn lọ́wọ́ dídì. Dókítà ni yóò sọ ẹni tí ó yẹ fún, òun ni yóò sì máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lọ rà á lọ́jà fúnra yín. Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ fún àwọn tí wọ́n bi í pé kí wọ́n wá ìwòsàn. Lílo oògùn kò ta ko ìgbẹ́kẹ̀lé.

Lórí yìgì, n kò ní í pẹ́. Bí AS bá fẹ́ AS, ìlóyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ẹ má ṣe ṣírò pé nígbà tí ọ̀kan ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, mẹ́ta yòókù ti bọ́. Ìlóyún tuntun kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ó kọjá. Àwọn tí ìwé wọn sọ pé AC, ọ̀rọ̀ kan yín: lórí ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà kan náà ni C wà, ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn ni ó kàn bọ́ síbẹ̀, ọmọ tí ó bá sì gba S àti C jọ yóò ṣàìsàn. Ó wọ́pọ̀ láàrin àwa Yorùbá, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ jẹ̀nótáìpù wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́, kí ọkàn tó wọ ọkàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí tí wọ́n gbé ìwé àyẹ̀wò wá fún mi ní ọjọ́ Alámìísì, tí yìgì sì jẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn ènìyàn. Ta ni yóò lè sọ òótọ́ nínú irú ipò yẹn? Kí àwọn méjèèjì sì ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi méjì. Àwọn tí ó ti fẹ́ ara wọn kí wọ́n tó mọ̀, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Kí Ọlọ́hun bá yín tọ́ àwọn ọmọ yín.

Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ti gbà pé nínú Ramadan yìí, omi yóò wà nínú yàrá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá, ní ti ọkùnrin àti ní ti obìnrin, láti Súhúrì títí di Mọ̀gàríbì, fún aláìsàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ẹni tí ń wọ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ní àkókò ìrun àṣámù, kí ẹni tí ó rẹ̀ jókòó kí ìrun rẹ̀. A ti gbé àga sí ẹ̀yìn.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pé ọdún 21. Mo lọ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, lórí ibùsùn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Àáfà, ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ ò sì bi mí." Ó wà láàrin wa nínú mọ́sálásí yìí lónìí. Òun ni ó ní kí n sọ ọ́, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun.

Ọlọ́hun, fún àwọn aláìsàn wa ní ìlera. Dẹ ìrora àwọn tí ó ń ké ní òru. Kẹ́ àwọn ọmọ tí ó ti ṣáájú wa lọ, tu àwọn ìyá wọn nínú, kí O sì dárí jì wá lórí ohun tí a ti fi ẹnu wa sọ sí wọn. Mú wa rí Ramadan nínú ìlera. Àámín.

Ẹ gbé ìrun dúró.